Gíà Mẹ́rin Sẹ́yìn, Ẹyọ Kan Síwájú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn àti fáwẹ̀lì. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, torí pé ọ̀rọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ló wà nídìí ẹ̀, iṣẹ́ onímọ̀ èdè náà sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ Volkswagen Beetle, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣí i wò mọ̀ pé ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Táyà ẹ̀yìn wà níwájú ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì sì wà níwájú táyà ẹ̀yìn. Ká ní ẹnì kan tú ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì yìí sílẹ̀ láìyà wọ́n, ó yí àwọn méjèèjì po bí ẹni yí àga po, kí ẹ́ńjìnnì lè bọ́ sí iwájú táyà ẹ̀yìn, ó wá dè wọ́n padà sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì á sítáàtì. Ọkọ̀ náà á rìn. Ṣùgbọ́n gíà mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún lílọ síwájú á máa gbé e lọ sẹ́yìn, rìfáàsì nìkan ṣoṣo ni á sì lè gbé e lọ síwájú.

Ó jọ àwàdà, àmọ́ ìṣòro tó dojú kọ àwọn èèyàn pàtàkì nínú ìtàn ọkọ̀ nìyẹn, àwọn tí ìwé ń yìn pé wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sáàárín ọkọ̀. Ìwé kì í sábà sọ bí wọ́n ṣe rí gíábọ́ọ̀sì. Èrò tèmi ni pé gíábọ́ọ̀sì ni ìtàn náà gan-an. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé àárín ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ tálákà ni gíábọ́ọ̀sì tó lè gbà á níbẹ̀, àyàfi tó bá mú ti ọkọ̀ ìdílé, tó sì yí i po.

Kí ló dé tí èèyàn fi fẹ́ ẹ́ńjìnnì láàárín ná? Ẹni tó gbá ẹrù wúwo mọ́ àyà lè yí padà kíákíá. Tó bá na ọwọ́ méjèèjì jáde pẹ̀lú ẹrù kan náà, yíyípadà á le fún un, dídúró lẹ́yìn tó bá ti yí á sì tún le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí nígbà tó bá ń gba kọ́nà. Iléeṣẹ́ Auto Union ní Jámánì ti ṣe é láti 1934, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 16 lẹ́yìn ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ferdinand Porsche ló ya ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n owó ìjọba wà lẹ́yìn wọn, wọ́n lè ṣe gíábọ́ọ̀sì tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò lówó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, *iwájú*. Ẹ̀yìn jẹ́ ẹ̀yà ara, ojú jẹ́ ẹ̀yà ara, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sì jẹ́ ẹ̀yà ara. Ara èèyàn la fi ń wọn ayé. Ilé ní iwájú torí pé a ní ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà wọlé, òkúta kò ní. Kódà àkókò ò bọ́ nínú rẹ̀: ohun kan náà tí kò tíì dé là ń pè ní ọjọ́ iwájú, òun náà là ń pè ní ẹ̀yìn ọ̀la. Ibo wá ni iwájú ẹ́ńjìnnì? Àwọn tó kọ ìwé àtúnṣe Volkswagen sọ pé iwájú ni ibi tí iwájú ọkọ̀ bá wà. Nítorí náà, nínú ìwé wọn, ìhà tí ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ gíábọ́ọ̀sì ni iwájú ẹ́ńjìnnì, ìhà tí bẹ́líìtì fáànù wà ni ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, òdìkejì ni wọ́n máa sọ. Tí ẹ bá wá yí ẹ́ńjìnnì Volkswagen po, iwájú tó wà nínú ìwé á máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá ń ka ìwé náà gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyí. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Kẹ̀kẹ́ ń yí. Ọ̀kan á ní ó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, èkejì á ní rárá, òdìkejì ni. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ò mọ nǹkan kan nípa aago.

Ìdí nìyẹn tí gíà mẹ́rin fi di ti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì po, kò sí ohun tó yí padà nínú wọn. Gbogbo eyín tó ń ti ara wọn ṣì ń ti ara wọn bíi ti àná. Ọkọ̀ tó yí wọn ká ló yàtọ̀. Wọ́n ṣì ń fa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n mọ̀ sí iwájú, ibẹ̀ sì ti di ẹ̀yìn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe? Ẹ jẹ́ ká wọ inú dífárẹ́ńṣà lọ. Agbára ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀ gba inú gíábọ́ọ̀sì, á sì dé orí ọ̀pá kan tó nà gbọọrọ láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ní ìparí ọ̀pá yẹn ni kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní píníọ̀nù. Píníọ̀nù á ta eyín ti kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá kan tí wọ́n ń pè ní kíráwùn. Kíráwùn ló ń yí ọ̀pá táyà méjèèjì, ara rẹ̀ sì ni dífárẹ́ńṣà so mọ́, èyí tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì lè sáré yàtọ̀ síra nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Ibi tí agbára ti ń fi ọ̀nà gígùn sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ìbú nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo píníọ̀nù ni kíráwùn máa ń wà, yálà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì.

Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì, kí ẹ máa yí i. Ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ọwọ́ kan ṣe ń lọ síwájú ni èkejì ń bọ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni igi náà ń yí sí. Igi yẹn ni píníọ̀nù. Àtẹ́lẹwọ́ yín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí kíráwùn lè wà. Tó bá wà lápá òsì, á yí síbì kan. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọ́n gbé e sí apá ọ̀tún, tí eyín rẹ̀ sì tún kọjú sí píníọ̀nù, á yí sí òdìkejì. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí gíà kankan. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, gíà mẹ́rin sì padà di ti iwájú.

Ohun tó tún dáa nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹ̀gbẹ́ eyín tí wọ́n ṣe láti máa gba ẹrù náà ni á ṣì máa gbà á. Eyín kíráwùn kì í tọ́ gbọọrọ. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n sì ṣe fún iṣẹ́ gidi. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà fún ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná àti fún rìfáàsì. Ẹni tó bá wá ọ̀nà mìíràn tó fi ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ á máa gbọ́ igbe nínú gíábọ́ọ̀sì, eyín rẹ̀ kò sì ní pẹ́.

Ní 1944, iléeṣẹ́ Porsche kó kúrò ní Stuttgart nítorí bọ́ǹbù, wọ́n lọ sí Gmünd, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Carinthia ní Austria. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ogun parí, kò sówó, kò sí irin. Ferdinand Porsche fúnra rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé lọ́wọ́ àwọn Faransé títí di 1947. Ọmọ rẹ̀ Ferry, pẹ̀lú Karl Rabe tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà àti Erwin Komenda tó ń ya ara ọkọ̀, ni wọ́n jókòó ti ohun tó wà nílẹ̀. Kí ló sì wà nílẹ̀? Àwọn ẹ̀yà Volkswagen ni.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe, èyí tí a mọ̀ sí 356 nọ́ńbà 1, gba ìwé àṣẹ ìrìnnà ní June 8, 1948. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Porsche. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni, 1131 cc, tí wọ́n fún ní okun díẹ̀ sí i títí tó fi ní agbára ẹṣin 35. Ọkọ̀ náà kò ju 585 kg lọ. Wọ́n sì yí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì po gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè yìí, kí ẹ́ńjìnnì lè wà láàárín ẹni tó ń wakọ̀ àti táyà ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn tó mọ gíábọ́ọ̀sì yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, torí pé ọ́fíìsì wọn ló yà á, ló yí i po. Ẹ̀gbẹ́ kejì píníọ̀nù wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn nínú àwọn 356 tí wọ́n ń tà fáráyé. Ẹni tó ń fowó ra ọkọ̀ ń fẹ́ ibi tó máa gbé àpótí sí, ẹ́ńjìnnì àárín sì ti gba ibẹ̀. Nígbà tó di 1953 tí wọ́n ń ṣe 550 Spyder fún ìdíje, wọ́n tún gbé e padà sáàárín. Ní ilé kan náà, láàárín ọdún 5, wọ́n yí i po, wọ́n yí i padà, wọ́n tún yí i po.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Austria ká lọ sí Surbiton, nítòsí Lọ́ńdọ̀n, níbi tí Charles Cooper àti ọmọ rẹ̀ John ti ní gáréèjì. Ní 1946, wọ́n ṣe ọkọ̀ ìdíje kékeré kan, ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n mú Fiat Topolino méjì, wọ́n gé iwájú méjèèjì, wọ́n so wọ́n pọ̀, iwájú ọ̀kan wá di ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP ni wọ́n gbé sẹ́yìn ẹni tó ń wa ọkọ̀, kì í ṣe nítorí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan, bí kò ṣe pé ṣéènì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, ó sì rọrùn kí ẹ́ńjìnnì súnmọ́ ibi tí ṣéènì ń lọ.

Ṣéènì kò ní wàhálà òtún àti òsì. Àmọ́ nígbà tó di 1955, tí wọ́n fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì Coventry Climax, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀rọ tí àwọn panápaná fi ń fa omi, wọ́n nílò gíábọ́ọ̀sì gidi. Wọ́n wò yíká, ojú wọn bọ́ sórí Citroën Traction Avant. Láti 1934 ni àwọn Faransé ti ń ṣe ọkọ̀ yìí, táyà iwájú rẹ̀ ló ń fà á, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì yọ sí iwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yí i po: ẹ́ńjìnnì á wà níwájú táyà, gíábọ́ọ̀sì á yọ sẹ́yìn. Ohun tí Cooper ń wá gan-an nìyẹn. Gíà mẹ́ta ni Citroën fi síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra, torí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń yí síbì kan náà. Nínú ilé Citroën fúnra rẹ̀, ọkọ̀ 15-Six tó jáde ní 1938 ní ẹ́ńjìnnì tó ń yí sí òsì, wọ́n sì fi lẹ́tà G sí i, ìyẹn *gauche*, òsì lédè Faransé. Ní 1947 wọ́n yí i padà, ó ń yí sí ọ̀tún, lẹ́tà rẹ̀ sì di D, *droite*. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú orúkọ ọkọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì, ibi tí ayé wọn ń yí sí ni lẹ́tà náà ń sọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ so gíábọ́ọ̀sì ẹlòmíràn mọ́ ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ní ìbéèrè méjì láti dáhùn: ibo ni mo kọ gíábọ́ọ̀sì sí, ibo sì ni ẹ́ńjìnnì mi ń yí sí? Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yí po, ọkọ̀ á máa lọ sẹ́yìn. Tí méjèèjì bá yí po, á tún máa lọ síwájú. Àwa tó ń sọ Yorùbá mọ irú èyí dáadáa. "Kò lọ" ni àyísódì. "Kò ṣaláì lọ" ní àyísódì méjì nínú, bẹ́ẹ̀ ó lọ ni.

Ibi tí gíábọ́ọ̀sì Citroën yẹn gbé Cooper dé kì í ṣe kékeré. Ní January 19, 1958, Stirling Moss wa Cooper tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà 2 ní Buenos Aires, ó sì gba ipò kìíní mọ́ àwọn Ferrari lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì-àárín borí nínú ìdíje àgbáyé Formula 1. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtàn gíábọ́ọ̀sì méjì wáyé. Moss àti Rob Walker tó ni ọkọ̀ rẹ̀ rò pé ohun tó ti inú ọkọ̀ ìdílé jáde kò lè gba agbára tuntun tó ń bọ̀. Wọ́n lọ bá Valerio Colotti ní Ítálì, ó ṣe gíábọ́ọ̀sì tuntun fún wọn, ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje. Iléeṣẹ́ Cooper àti Jack Brabham dúró ti Citroën, wọ́n kàn ń fi kún okun ilé rẹ̀ àti gíà rẹ̀.

Gíábọ́ọ̀sì Colotti já Moss kulẹ̀ ní Monaco, ó já a kulẹ̀ ní Netherlands. Ó borí ní Portugal àti ní Monza, ó sì dé Sebring ní Amẹ́ríkà ní December pẹ̀lú ìrètí adé. Òun ló ń ṣáájú nígbà tí gíábọ́ọ̀sì tún kọṣẹ́ lẹ́yìn ìyípo díẹ̀. Brabham ní tirẹ̀, epo bẹntiróòlù ló tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ìyípo ìkẹyìn, ó sọ̀kalẹ̀, ó ti ọkọ̀ náà dé òpin, ó ṣe ipò kẹrin, ó sì gba adé ayé. Èmi ò sọ pé Moss kò mọ ọkọ̀ wà ju Brabham lọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn táyà olúborí ọdún 1959 ni gíábọ́ọ̀sì tí àwọn ará Faransé ṣe fún ọkọ̀ tí dókítà àti àgbẹ̀ ń gbé lọ sọ́jà. Ní 1960 Brabham tún gba adé. Ní 1961 Ferrari náà gbé ẹ́ńjìnnì tiwọn sáàárín.

Àpẹẹrẹ tó yéni jù nípa kíráwùn fúnra rẹ̀ ni Lotus Europa. Colin Chapman fẹ́ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì-àárín tí owó rẹ̀ kò ní ga jù. Renault 16 jáde ní 1965, ọkọ̀ ìdílé tí táyà iwájú ń fà, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti Citroën. Chapman rí i, ó sì mọ ohun tó rí. Ní December 1966, Europa jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Renault 1470 cc àti gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́rin rẹ̀, a yí wọn po, a gbé wọn sẹ́yìn. Wọ́n gbé kíráwùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì píníọ̀nù. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Lotus ì bá máa ta ọkọ̀ tó ń sáré gan-an, àmọ́ tó ń sáré lọ sẹ́yìn. Títí di 1975 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí, kódà lẹ́yìn tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì Renault tí wọ́n sì fi ti ara wọn rọ́pò rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì Renault ṣì wà níbẹ̀.

Yíyí po ní gbèsè tirẹ̀ o. Ọ̀pá tí ọwọ́ awakọ̀ fi ń mú gíà ní láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kó tó dé ìdí gíábọ́ọ̀sì tó ti yọ sẹ́yìn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, oríkèé rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń mì. Ẹni tó wa Europa mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wa Porsche 914 ti 1969 náà mọ̀ ọ́n: gíábọ́ọ̀sì 911 ni wọ́n yí po síbẹ̀, tí wọ́n sì gbé kíráwùn rẹ̀ sódìkejì, àmọ́ wíwá gíà nínú rẹ̀ dà bíi wíwá abẹ́rẹ́ nínú àpò ìrẹsì. Nígbà tó di 1973 ni Porsche gbé ibi tí ọ̀pá náà ń wọlé láti ìdí sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn aláròjinlẹ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ tiwọn nínú gáréèjì wọn ní Amẹ́ríkà pàdé ìṣòro yìí ní ọ̀nà tiwọn. Chevrolet Corvair, tí wọ́n ṣe láti 1960 títí di 1969, ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí afẹ́fẹ́ ń tù, ó lágbára ju ti Ìjàpá lọ dáadáa, ó sì lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yí sí òdìkejì. Ẹni tó bá gbé e sẹ́yìn Ìjàpá níbi tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà tẹ́lẹ̀ á rí gíà mẹ́rin sẹ́yìn, á sì ní láti gbé kíráwùn sódìkejì tàbí kó pààrọ̀ kámúṣáfútì ẹ́ńjìnnì kí ó lè máa yí bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá wá yí gbogbo rẹ̀ po láti ṣe ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì-àárín, kò ní ohun tó máa ṣe. Kò ṣaláì lọ síwájú.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n dojú gíábọ́ọ̀sì bolẹ̀, kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Ìyẹn náà máa ń gbé kíráwùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìṣí nǹkan kan, ó sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè rẹlẹ̀ sí i nínú ọkọ̀. Àmọ́ ọ́ìlì kò mọ̀ pé wọ́n ti dojú ilé òun bolẹ̀. Ibi tó yẹ kó máa dé kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ihò tí èéfín ń gbà jáde á di ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde, àfi kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà mìíràn fún un.

Àwọn dífárẹ́ńṣà mìíràn sì wà tí kíráwùn wọn kò lè ṣí lọ sódìkejì rárá. Nínú èyí tí mo ṣàlàyé, ọ̀pá píníọ̀nù dojú kọ àárín kíráwùn gan-an, nítorí náà ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí píníọ̀nù rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àárín tàbí kó ga díẹ̀ jù ú lọ, kí eyín lè nípọn kó sì máa yọ̀ mọ́ra láìpariwo. Tí ẹ bá gbé irú kíráwùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, eyín wọn ò ní bá ara wọn mu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra gíábọ́ọ̀sì tó máa yí po gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo èyí.

Kódà níbi tó ti ṣeé ṣe, kì í ṣe pé kí a kàn tú bóòtù ká tún dè é. Kíráwùn àti píníọ̀nù kò gbọdọ̀ fún mọ́ ara wọn jù, wọn kò sì gbọdọ̀ jìnnà síra. Àlàfo tó wà láàárín eyín wọn kò tó mílímítà kan rárá, wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tò sẹ́yìn bẹ́ríǹ ni wọ́n fi ń wá a. Wọ́n á fi ọ̀dà kun eyín, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ibi tí ọ̀dà ti há, wọ́n á yọ wáṣà kan, wọ́n á tún fi òmíràn sí i. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè wà nínú ẹ̀.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ yìí rẹ́ ni pé àwọn oníléeṣẹ́ dá ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀. Láti ìgbà tí Mini ti jáde ní 1959, tí Fiat 128 sì tẹ̀ lé e ní 1969, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré wá ń wà ní ìbú, ọ̀tún sí òsì, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Irú èyí kò nílò yíyí po. Ẹ kàn gbé gbogbo rẹ̀ kúrò láàárín táyà iwájú, ẹ gbé e lọ sáàárín táyà ẹ̀yìn, kó máa wo ibi tó ń wò tẹ́lẹ̀. Ohun tí Fiat ṣe nìyẹn ní 1972 nígbà tí wọ́n fi ẹ̀yà 128 ṣe X1/9. Ohun tí Toyota ṣe náà nìyẹn pẹ̀lú MR2 ní 1984.

Àwọn tó ṣì ń fi gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá ṣe ọkọ̀ orí iyanrìn tiwọn kò dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá ti gbé kíráwùn sódìkejì tán, tí wọ́n ti dè é, tí wọ́n ti da ọ́ìlì sí i, wọ́n á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí jáàkì kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan á jókòó, á ki í sí gíà kìíní. Ẹlòmíràn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á máa wo ibi tó máa yí sí.